Àyà ń dun màmá mi: kí ló wà nínú àyà gan-an, kí n lè mọ ohun tí màá sọ fún dókítà?

ỌmọAlárọ · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, iṣẹ́ aró ni wọ́n ń ṣe ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, láti ìgbà ọmọge wọn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí wọ́n ti ń sọ pé “àyà ń dùn mí”, tí wọ́n sì ń wúkọ́. Mo gbé wọn lọ sí kílíníìkì kan, dókítà bi wọ́n pé níbo gan-an lára àyà? Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo àyà wọn látòkè délẹ̀, wọ́n ní “ibí yìí náà ni”. Dókítà wo èmi, èmi náà wo ilẹ̀. Wọ́n fún wa ní oògùn ikọ́, a padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, ikọ́ ò lọ.

Gbogbo ará ilé ló gbà pé aró ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lábẹ́ eegun yìí. Mo mọ̀ pé ọkàn wà lápá òsì, pé ẹ̀dọ̀fóró wà níbì kan. Ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Ọjọ́rú la fẹ́ padà lọ rí dókítà.

Alápatà Lafẹ́nwá · 9:05 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń la àyà màlúù ní Lafẹ́nwá, ohun tí mò ń fojú rí láràárọ̀ ni màá sọ.

Tí a bá ti la eegun àárín àyà, fùkù lo máa kọ́kọ́ rí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òun náà ni wọ́n ń pè ní ẹ̀dọ̀fóró níléèwé. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀. Tí o bá fìka tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á tún rú padà bíi fóòmù. Jù ú sínú bàsíà omi, á léfòó. Ju ẹ̀dọ̀ sí i, á rì. Atẹ́gùn tó wà nínú fùkù ló fà á. Nítorí náà kí orúkọ má tàn yín: ẹ̀dọ̀ kọ́ ni ẹ̀dọ̀fóró. Inú ikùn ni ẹ̀dọ̀ wà, lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Iṣan pẹrẹsẹ kan ló pààlà láàárín àyà àti ikùn, òun la máa ń gé tí a bá fẹ́ gba ìsàlẹ̀ kan àyà.

Àárín fùkù méjèèjì ni ọkàn wà. Àpò awọ kan ló wé e, omi díẹ̀ sì máa ń wà nínú àpò náà. Tí o bá là á, yàrá mẹ́rin lo máa bá níbẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹran yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì nípọn gan-an, ti ọ̀tún ò sún mọ́ ọn rárá. Eegun kékeré kan tún máa ń wà nínú ọkàn màlúù. Mi ò lè sọ bóyá ó wà nínú tèèyàn. Tíṣà, ẹ dá sí i.

TíṣàBàọ́lọ́jì · 9:52 alẹ́

Ẹ ṣeun, Alápatà. Eegun yẹn ò sí nínú ọkàn èèyàn, ṣùgbọ́n ìyókù tí ẹ sọ bá tèèyàn mu. Ẹni tó bá ní kí n mú ọmọ kíláàsì mi wá síbi iṣẹ́ yín, màá gbà.

ỌmọAlárọ, ibi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe ni “apá òsì” yẹn. Àárín àyà ni ọkàn wà, lẹ́yìn eegun àárín àyà. Ó kàn tẹ̀ sí òsì ni, tí ṣónṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ń lu ìhà òsì, tí a fi ń gbọ́ ọ níbẹ̀ jù. Di ọwọ́ rẹ ní ìkúùkù: bó ṣe tóbi tó nìyẹn. Nítorí pé ó gbà nínú àyè apá òsì, ẹ̀dọ̀fóró òsì kéré ju ti ọ̀tún lọ. Ti ọ̀tún pín sí ọ̀nà 3, ti òsì pín sí 2.

Ó wá ku ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀, ibẹ̀ ni kókó wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ti jíṣẹ́ yíká ara, tí atẹ́gùn rere inú rẹ̀ ti dínkù, á padà wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún, á bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, yàrá yẹn á sì tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró kún fún àpò atẹ́gùn kéékèèké, iye wọn lé ní mílíọ̀nù 300, ògiri wọn sì fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wé wọn yíká. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn tuntun, tó sì ń da èyí tó ti lò nù kí a lè mí i síta. Lẹ́yìn náà ló máa padà sí ọkàn, ṣùgbọ́n sí apá òsì lọ́tẹ̀ yìí, yàrá ìsàlẹ̀ òsì á wá tì í lọ sí gbogbo ara. Ìdí tí ẹran yàrá yẹn fi nípọn nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró wà nítòsí. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ jìnnà.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ìró gbì-gbì tí a ń gbọ́ yẹn, ìró ilẹ̀kùn tó ń padé ni. Tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún wákàtí 24: ó ń lọ sí bí 100,000.

Mo sì mọ̀ pé ẹnì kan máa tó béèrè: rárá, eegun ìhà ọkùnrin kò dín ọ̀kan nítorí Ádámù. 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Méje àkọ́kọ́ fara mọ́ eegun àárín àyà tààrà, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e so mọ́ ti òkè wọn, méjì ìsàlẹ̀ ò kan iwájú rárá.

Awakọ̀ Kútọ̀ · 10:20 alẹ́

Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ jù. Èmi náà rò pé ọkàn mi ló fẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Tí mo bá dé láti ojú ọ̀nà láago mẹ́wàá alẹ́, tí mo jẹ ẹ̀bà tán, tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà mi á máa ta bí iná, títí dé ọ̀fun. Àyẹ̀wò ọkàn jáde, kò sí nǹkan kan. Omi kíkan inú ikùn ló ń gòkè wá. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yìn ọkàn gan-an ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá, kó tó gba ihò kan nínú iṣan pẹrẹsẹ tí Alápatà sọ wọnú ikùn. Aládùúgbò ni wọ́n, èèyàn ò lè mọ ẹni tó ń ké nínú wọn. Mo ti ń jẹun láago méje báyìí, ó ti lọ. Ti màmá lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ìyá Ìbejì · 10:31 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún àti òsì yìí kàn mí. Taiwo mi kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ẹ̀pà pá a lórí. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́, a rò pé ó ti gbé e mì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni ibà dé, tó ń mí bí ẹni ń fọn fèrè. Wọ́n ní òtútù àyà ni. Dókítà àgbà kan ló wá gbọ́ àyà rẹ̀, tó ní apá ọ̀tún ò dún bíi ti òsì. Ẹ̀pà ṣì wà níbẹ̀! Wọ́n fi irinṣẹ́ gba ẹnu yọ ọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún? Ẹni tó yọ ọ́ sọ pé ọ̀tún ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ara mi ò balẹ̀ tó láti béèrè ìdí.

TíṣàBàọ́lọ́jì · 10:44 alẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀nà èémí wa jẹ́ òpó kan láti ọrùn, kò gùn ju bí ìka àárín èèyàn ṣe gùn pẹ̀lú ìdajì àtẹ́lẹwọ́. Òrùka kerekere ló dì í mú kó má baà padé, òrùka náà ò pàdé lẹ́yìn, níbi tó ti kan ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà tó bá dé àárín àyà, ó pín sí méjì. Ẹ̀ka ọ̀tún fẹ̀ jù, ó kúrú jù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà ju ti òsì lọ, nítorí ti òsì ní láti yẹ̀ fún ọkàn. Ohun tó bá já bọ́ síbẹ̀ á gba ọ̀nà tó tọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má fún un ní odindi ẹ̀pà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì · Ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Alẹ́ ni mo ṣiṣẹ́, ìsinsìnyí ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí. ỌmọAlárọ, ìbéèrè ni mo ní fún ọ kí n tó sọ ohunkóhun, wò wọ́n dáadáa kó o tó dáhùn. Ìrọ̀rí mélòó ni màmá fi ń sùn? Ǹjẹ́ wọ́n máa ń jí lóru láti mí? Ikọ́ yẹn, ṣé ọ̀sán ló le ni àbí ìgbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Ta ló wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kẹ́yìn, nígbà wo?

Awakọ̀, mo dúpẹ́ pé tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n má ṣe fi tìrẹ wọn tẹlòmíràn. Ìwọ ṣe àyẹ̀wò kó o tó mọ̀ pé ikùn ni. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n fi “ó máa jẹ́ ikùn” sùn, tí wọn ò jí, kò ṣeé kà lórí ìka.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún gbogbo wa. Ọkàn kì í mu nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣan méjì ló ń bọ́ ọ, láti ìdí iṣan ńlá tó jáde lára rẹ̀ ni wọ́n ti yà, wọ́n wá nà kálẹ̀ sára rẹ̀. Tí ọ̀kan bá dí, ẹran ọkàn tó wà níwájú ibi tó dí á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìrora rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà bí ọ̀bẹ. Bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọlọ lé ọ láyà ló ṣe máa ń rí: ó wúwo, ó ń fún, láàárín àyà, ó lè ràn dé apá òsì, ejìká, àgbọ̀n, òógùn tútù á bo ara, èébì lè máa gbéni. Àwọn obìnrin àti àwọn onítọ̀ ṣúgà lè máà ní ìrora tó pọ̀, kó kàn jẹ́ èémí tó kúrú àti àárẹ̀ òjijì. Ẹni tí èyí bá ṣe, ilé ìwòsàn ńlá, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má ní kó lọ sùn ná.

Ìrora tó bá ń ta ṣọ́ṣọ́ nígbà tí èèyàn bá mí sínú, tàbí tó bá wúkọ́, máa ń ti ara awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró wá. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, awọ yẹn ló mọ̀ ọ́n. Awọ méjì ni, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ ìhà, omi díẹ̀ láàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lára wọn. Èyí tó bá jẹ́ pé tí o bá fìka tẹ ojú ibẹ̀ lo máa ké, eegun tàbí iṣan ara ìhà ló sábà máa ń jẹ́.

ỌmọAlárọ · Ọjọ́ Ajé, 6:35 àárọ̀

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìrọ̀rí mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, kan ṣoṣo ni. Wọ́n máa ń jí láago méjì òru, wọ́n á lọ jókòó sẹ́nu fèrèsé, wọ́n ní ooru ni. Ikọ́ náà, òru ló wà fún. Mo tẹ ẹsẹ̀ wọn lókè kókósẹ̀, ojú ìka mi jìn síbẹ̀, kò tètè kún padà. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ ò wọlé mọ́ nírọ̀lẹ́, a sì ti ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sọ fún wọn lọ́jọ́sí, wọ́n lo oògùn tán, ara wọn yá, wọn ò padà lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rin.

Ìyá Nọ́ọ̀sì · Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Má dúró di Ọjọ́rú. Lónìí.

Fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro, gbọ́ ohun tí mò ń wí, kó lè yé ọ tí o bá dé iwájú dókítà. Padà sí ohun tí Tíṣà kọ: láti inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ apá òsì ọkàn. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń fún iṣan ara fún ọdún pípẹ́, yàrá òsì yẹn á máa fi agbára tó ju agbára lọ ṣiṣẹ́, ẹran rẹ̀ á nípọn sí i, á le gan, á wá rẹ̀ ẹ́. Kò lè ti gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó gbà síta mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró, bí ọkọ̀ ṣe ń tò dé ẹ̀yìn tí iwájú bá dí. Ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti inú iṣan tín-ín-rín sínú àpò atẹ́gùn. Tí èèyàn bá dìde jókòó, omi náà á rọ̀ sísàlẹ̀, òkè á gba afẹ́fẹ́. Tí ó bá dùbúlẹ̀, á tàn kálẹ̀, omi tó wà lẹ́sẹ̀ náà á padà wá fi kún un. Ìdí tí ìrọ̀rí fi di mẹ́ta rèé.

Ẹ̀dọ̀fóró ló ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọkàn ló ń ṣàìsàn. Mi ò rí màmá, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní FMC, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà níbí, àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti rẹ̀, láàárín 2009 sí 2010. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti nǹkan bí 8 nínú 10 wọn. Aráàlú wa ni wọ́n, ìyá àti bàbá bíi tìrẹ.

Kọ ohun tó o sọ fún mi láàárọ̀ yìí sórí ìwé, bó o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó o mú un lọ. Kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àti àgbo náà, má fi nǹkan kan pamọ́.

Aládìrẹ Kẹ́mta · Ọjọ́ Ajé, 9:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ ẹ má tú aró sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ìyá wa àtijọ́, èlú àti omi eérú ni wọ́n ń lò. Àwa, kọ́sítíìkì sódà àti àwọn kẹ́míkà tó ń rùn ta wá nímú là ń pò sínú omi gbígbóná, a ó tún tẹrí sórí rẹ̀. Oorun yẹn ń họ ọ̀nà èémí. Mo ti kúrò nínú yàrá, ìta gbangba ni mo ti ń pò ó báyìí, mo ń bo imú, ikọ́ àárọ̀ tó ń dà mí láàmú sì lọ. ỌmọAlárọ, sọ iṣẹ́ màmá fún dókítà náà.

Bàbá Aké · Ọjọ́ Ajé, 11:02 àárọ̀

Ẹ kú akitiyan, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọdún 71 ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gun Olúmọ, àtẹ̀gùn ni mò ń gbà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lágbedeméjì. Mo ní àgbà ti dé ni. Ọmọ mi obìnrin ló rí i pé mò ń dúró níbi tí mi ò ti í dúró tẹ́lẹ̀, ó fà mí lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ọkàn mi ni kò ṣí dáadáa mọ́. Mo wà lórí ìtọ́jú títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kan èdè wa. A ní àyà já mi, a ní mo láyà, a ní ọkàn mi balẹ̀, a ní ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Àyà àti ọkàn ló ń gbé ẹ̀rù, ìgboyà àti ìbànújẹ́ wa. Ó dára, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá bá ní “àyà ń dùn mí”, ọmọ lè rò pé ìbànújẹ́ ni, dókítà lè rò pé ikọ́ ni, ara wọn sì ń sọ nǹkan mìíràn. Bi wọ́n ní ìbéèrè kéékèèké. Kí ni ẹ lè ṣe lọ́dún tó kọjá tí ẹ ò lè ṣe mọ́? Àgbàlagbà kì í parọ́ sí irú ìbéèrè yẹn. Èmi ì bá ti dáhùn pé “Olúmọ”.

ỌmọAlárọ · Ọjọ́bọ̀, 7:20 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ forí jì mí pé mo pẹ́. A lọ ní Ọjọ́ Ajé náà. Mo ka ìwé tí mo kọ. Kí n tó dé ìlà kẹta, dókítà ti dìde. Ó ní kí màmá tẹ̀ síwájú, ó gbé ohun èlò ìgbọ́yà lé ẹ̀yìn wọn, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ní kílíníìkì tí a kọ́kọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹ̀yìn wọn. Ó ní kí n gbọ́ ọ fúnra mi: ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ìka pa irun ara rẹ̀ lẹ́bàá etí. Ó ní omi nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 190 lórí 110. Wọ́n ya àwòrán àyà wọn. Dókítà fi rúlà wọn ọn níwájú mi: ó yẹ kí ọkàn má fẹ̀ ju ìdajì àyà lọ, ti màmá ti kọjá ìdajì. Wọ́n tún fi okùn sí wọn láyà láti gba bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Wọ́n dá wa dúró fún alẹ́ mẹ́ta. Wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú omi jáde lára, wọ́n tọ̀ tọ̀ tọ̀, ẹsẹ̀ wọn ti ń padà bọ̀ sípò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà ńbẹ̀, èyí tí wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá dúró kódà tí ara wọn bá yá. Iyọ̀ ti dínkù nínú ọbẹ̀, magí náà. Láràárọ̀, wọ́n ní kí a máa wọn ìwúwo wọn. Tó bá fi kìlógíráàmù méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí a padà wá.

Mo sọ ọ̀rọ̀ aró. Dókítà ní kí wọ́n sinmi ná, tí wọ́n bá sì padà, ìta gbangba. Ẹ ṣeun, Aládìrẹ.

A délé lónìí. Mo fi ìkúùkù mi hàn wọ́n, mo gbé e sí àárín àyà mi, mo ní ibí ni ọkàn wà, Màmá. Wọ́n wò ó, wọ́n di tiwọn náà, wọ́n gbé e sí àyà wọn, wọ́n ní “kò mà tóbi rárá”. Wọ́n ti lọ dùbúlẹ̀ báyìí. Ìrọ̀rí méjì ti wà nílẹ̀.